Kọ́nà Abẹ́ Kaṣú

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjà dé láàárín èmi àti òun, kó sọ fún mi pé eré mọ́tò kì í ṣe ti obìnrin tó ti lọ́mọ-ọmọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ìyá ìjọ kan tilẹ̀ dá mi dúró lójú títì ní Òmù-Àrán, ó ní ṣé n kò mọ̀ pé eruku ibi eré mọ́tò kò dára fún àyà àgbà ni. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi fi àdúrà sí i." Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ dé pápá.

Pápá tí mò ń wí yìí, kòtò ńlá kan ni lọ́nà Àgbàmú, níbi tí àwọn tó ṣe títì ti wa yangí lọ tí wọn kò sì dí i padà. Àwọn mẹkáníìkì wa ló sọ ọ́ di ibi ìsáré. Lójú ẹni tí kò mọ iyì, mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré níbẹ̀ kì í ṣe mọ́tò: Gọ́ọ̀fù tó ti darúgbó, Pijó tí ìpẹtà ti jẹ òrùlé rẹ̀. Wọ́n á yọ gíláàsì kúrò, wọ́n á jó ilẹ̀kùn pa, ojú wíńdò ni awakọ̀ ń gbà wọlé. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn Àgbàmú ń mú méjì wá, àwọn Ìgbàjà ń mú ọ̀kan ṣoṣo wá, wọ́n á sì máa fẹnu ṣe é bí ẹni pé ogún ni.

Ọkùnrin ló ń wakọ̀, àwa obìnrin ilé la ni omi. Bí eruku yangí bá gbéra, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí ẹni tó wà níwájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ojú eré fún ìyàwó agboolé kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n máa wọ́n omi sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́nà tó wà lódì kejì lábẹ́ igi kaṣú, èyí tó ṣòroó yà jù, tiwa ni. A ó fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi wá, a ó wọ́n ọn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, torí bó bá pọ̀ jù, yangí á máa yọ̀ bí ilá. Tí a bá ṣe tán, ibẹ̀ náà la ó dúró sí wòran.

Níbẹ̀ ni mo ti máa ń ki ọkọ mi. Ẹ gbà mí láyè kí n pè é ní "ó" nínú ìwé yìí. Lẹ́nu tèmi, "ẹ̀yin" ni látọjọ́ tó fẹ́ mi. Mẹkáníìkì ni, òun ló tún Gọ́ọ̀fù agboolé wa ṣe, òun náà ló ń wà á. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń bọ̀, màá na ọwọ́ sókè, màá gbé oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn mi kò sì kéré. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi a máa di etí. Wọ́n ní kí n rọra, ọkọ náà kò ní sá lọ.

Àgbò ńlá kan ni wọ́n fẹ́ fi dá ẹni tó bá borí lọ́lá lópin ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n kọ́kọ́ sáré láti mọ àwọn tí yóò díje lọ́jọ́ Àìkú. Mo kì í, ó yà. Mo tún kì í, ó tún yà. Ó ṣe ipò kejì, mo jó títí ìdí aṣọ mi fi tú. Lọ́sàn-án, wọ́n ní àwọn á tún sáré lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ ẹni tí yóò dúró níwájú lọ́la. Omi wa ti tán. Èmi àti ìyàwó ilé kan gbé kẹ́ẹ̀gì, a lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà lójú títì. A kò tíì pọn ún tán tí a fi gbọ́ tí àwọn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú.

"Àwọn oníwàdùwàdù!" mo ní. "Wọn kò lè dúró de omi!" Mo ń sáré bọ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì lórí nígbà tí mo rí Gọ́ọ̀fù wa. Gbogbo mọ́tò dé abẹ́ kaṣú, wọ́n yà. Tiwa kò yà. Kò tilẹ̀ dẹ eré. Ó lọ tààrà, ó gun òkìtì yangí kọjá, ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ.

Yéè! N kò mọ ibi tí mo sọ kẹ́ẹ̀gì sí. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti jáde lójú wíńdò, ó ń gbọn ewé ẹ̀gẹ́ kúrò lára, kò sí ohun tó ṣe é ju ìgbọ̀nwọ́ tó bó lọ. "Bíréékì ni," ó ń sọ fún gbogbo èèyàn. "Bíréékì ló já mi." Wọ́n ń kí i kú ewu. Àbúrò rẹ̀, tí èmi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ń pè ní ọkọ mi kékeré, ló wa mọ́tò náà jáde nínú oko. Mo ń wò ó. Ó tẹ bíréékì, mọ́tò dúró gbagidi. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dúró. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí, ó sì paná mọ́tò.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbé iyán síwájú rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọbẹ̀ síbi tí omi ìfọwọ́ máa ń wà, mo gbé omi síbi ọbẹ̀. Ó bu òkèlè, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó sì kì í bọ inú omi.

"Baba àwọn ọmọ," mo ní, "báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí ẹ bá dé kọ́nà?"

Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú omi. Mo tún bi í.

"Ohùn rẹ ni," ó ní. "Bí mo bá ti gbọ́ oríkì mi, mo ti mọ̀ pé kaṣú dé nìyẹn. Tó o bá ti dárúkọ bàbá mi nínú rẹ̀, màá yà á."

Ó ní bí ẹni ń wo nǹkan láàárín èéfín ni, ojú òsì ló kọ́kọ́ mú, ó wá mú ti ọ̀tún. Inú bí mi! Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ó yẹ kí n sunkún, ẹkún kò wá. Mo ní, "Ẹ fẹ́ kú, ẹ sì fẹ́ kó jẹ́ ohùn èmi ni yóò sìn yín lọ!" Ó ní kí n rọra, kí ará ilé má gbọ́. Ó ní òun á sáré ti ọ̀la, òun á gba àgbò, lẹ́yìn náà òun á lọ wo ojú. Mo ní ojú ló ṣáájú. Ó ní àgbò ló ṣáájú.

"Ta ló máa gbé mọ́tò rẹ̀ wá fún mẹkáníìkì afọ́jú?" ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé n kò wakọ̀ mọ́, wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí òótọ́ ni. Àmọ́ mo ti pinnu. Kò ní wakọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò dúró kí ẹnikẹ́ni, ó di pápá. Mo bá àwọn obìnrin wa wọ́n omi tiwa. Lẹ́yìn náà mo la ojú eré kọjá, mo lọ bá mọ́tò wa níbi tí gbogbo wọn tò sí. Rẹfirí ń fọn fèrè sí mi. Mo ní kó fọn ọ́n dáadáa. Mo ki orí bọ ojú wíńdò. Ọkọ mi ti dé akoto rẹ̀.

"N kò ní ki yín lónìí," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "N kò tilẹ̀ ní la ẹnu."

"Wàá kì mí," ó ní. "Ìwọ wo ló lè dákẹ́?"

"Ẹ dán mi wò."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, Ọlọ́run sì mọ̀ pé àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbẹ̀. Mọ́tò tó kù ń bú, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí ìyá yìí kúrò lọ́nà, àwọn Àgbàmú ní owó ọbẹ̀ ni mo wá gbà. Ẹ máa wí, mo ní lọ́kàn mi.

Nígbà tó pẹ́, ó ṣí akoto. Ó ké sí àbúrò rẹ̀, ó ní ìgbọ̀nwọ́ tó bó láàná ń ro òun, kó wá bá òun wà á. Mo gbè é lẹ́sẹ̀ kíá, mo ní mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé ọwọ́ yẹn wú, wọn kò gbọ́. Ọkọ mi kékeré kò béèrè nǹkan kan. Ó gba akoto, ó sì wọlé.

Mo mú ọkọ mi lọ sábẹ́ kaṣú. "Sọ fún mi," ó ní. Mo ń sọ: Ìgbàjà ló wà níwájú, Àgbàmú kan ti takú, tiwa ti di ìkẹta, ó ti di ìkejì. Òun alára ń fi etí ṣọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. "Kó já jíà wálẹ̀!" ó ń pariwo. "Ọ̀dẹ̀ yìí, já a wálẹ̀!" Ipò kejì náà la ṣe. Ìgbàjà gba àgbò, mo sì bú wọn dáadáa, torí n kì í ṣe ẹni tí ń pàdánù kó máa rẹ́rìn-ín.

Èrò ń túká. Ó kọjú sí mi, àmọ́ èjìká mi ló ń wò.

"Láti ìgbà ọyẹ́ ni n kò ti rí ojú rẹ," ó ní.

Omijé tí mò ń wá láàná wá bọ́. Láti ìgbà ọyẹ́ yẹn ni mo ti rí i pé kì í wò mí mọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo ti gbó lójú rẹ̀ ni. Mo ti ra àtíkè, mo ti pààrọ̀ irun, mo ti bínú sùn láìmọye ìgbà.

"Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ́la, Ìlọrin, ilé ìwòsàn ojú," mo ní. "N kò bi yín léèrè o, mò ń sọ fún yín ni."

"Bí wọ́n bá ní ẹ̀pa kò bóró mọ́ ńkọ́?"

"Ẹnu wọn la ó ti gbọ́ ọ."

Táyà ti họ ojú eré di poro-poro, ibẹ̀ la ó sì gbà kọjá. Ó na ọwọ́ sí mi. Ọkọ mi kò di ọwọ́ mi mú níta rí láyé. Àwọn obìnrin ilé rí wa, wọ́n hó yèè: "Ẹ wo ọkọ ìyàwó! Àgbà ń ṣe bí ọmọdé!" Mo ní owú ló ń jẹ wọ́n. Mo di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, mo sì ń sọ sí i létí níbi tí kòtò wà.