Bí Bàbá Ṣe Túmọ̀ Ẹkún Obìnrin Náà

Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà bú sẹ́kún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ìyẹ́ tó wà lára fìlà rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo àwa tí a jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn fèrèsé, nínú àgbàlá níbi tí ìyá mi ti ń yan gàrí, a ń gbọ́ ìró igbá tó fi ń ha agbada: ṣáà, ṣáà. Lójijì, ìyẹn náà dákẹ́.

"Bàbá, kí ló wí?" Àbúrò bàbá mi ló béèrè. Ó ti nà síwájú lórí àga.

Bàbá kò dáhùn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí kì í pẹ́ kó tó dáhùn.

Bàbá yìí kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ojúlé rẹ̀ ló kọjú sí tiwa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Bàbá náà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ á sọ Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá á sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Onítọ̀hún á fèsì, Bàbá á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, á kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, á fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, á sì fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kan tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Tí mo bá ti gbọ́ òórùn èédú àti sítáàṣì gbígbóná, mo ti mọ̀ pé a máa wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà.

Bátìrì mọ́tò ló fi ń tàn án. Òun nìkan ló ní in ní àdúgbò wa. Tí a bá ti kírun Ásárì tán, àwọn ará ilé á kó wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sì yé wa. Bàbá kì í jókòó. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tẹlifíṣọ̀n náà, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, ohùn Ìjẹ̀bú á kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn kóòtù á dé.

Eré ilé ẹjọ́ ni a fẹ́ràn jù. Wọ́n á pa ẹnìkan, wọ́n á mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, lọ́yà á sì máa wádìí títí apànìyàn gan-an á fi jẹ́wọ́.

"Bàbá, ta ló pa á?" Ìyá ẹlẹ́kọ máa ń béèrè. "Ẹ ṣáà bá wa fi ojú inú wò ó!"

"Ojú inú kò sí nínú ìbúra mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Ó sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan pé obìnrin kan kúnlẹ̀ bẹ òun lẹ́nu ọ̀nà kóòtù pé kí òun yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ. Òun kò yí i. Ọmọ náà lọ sẹ́wọ̀n. "Mo fi Kùránì búra," ni Bàbá wí. "Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo máa sọ. Kò ní lé, kò ní dín." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú Sátidé tí mò ń wí yìí, bàbá mi jẹun alẹ́ tán, ó ní inú ń run òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Kò sí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sin ín láàárọ̀. Ìyá mi ṣe opó tákàbá pé. Kó tó jáde nínú opó, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò. Àbúrò bàbá mi kò fi bò. Ojú wa ló ti máa ń sọ pé, "Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ kẹ́yìn, ọwọ́ ẹnìkan ló ti wá."

Ẹbí ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. A ti gbọ́ pé wọn yóò ní kí ìyá mi padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òde-Omi, kí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ń so etí ìró ìyá mi mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kí n tó sùn, kó má baà lọ.

Nínú eré ọjọ́ yẹn, ọkùnrin olówó kan mu tíì, ó sì kú sórí àga. Wọ́n mú àbúrò rẹ̀ wá síwájú adájọ́. Lọ́yà pe ìyàwó olóògbé sí àpótí ẹlẹ́rìí, ó ń bi í léèrè, ohùn rẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá túmọ̀ bó ṣe rí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ tíì, ẹnìkan á yíjú wo fèrèsé níbi tí ìyá mi wà. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bú sẹ́kún.

"Bàbá, kí ló wí?"

Bàbá wo fèrèsé. Ó wò wá. "Ó ní òun kò pa ọkọ òun. Ó ní àìsàn ni. Dókítà ti yẹ òkú wò, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé."

"Kí ló wá ń sunkún sí?" Ìyá ẹlẹ́kọ béèrè.

"Nítorí ohun tí wọ́n ń sọ kiri nípa rẹ̀."

Ọlọ́pàá méjì di obìnrin náà lápá mú. "Ẹ wò ó, wọ́n ń mú un lọ!" àbúrò bàbá mi kígbe.

"Wọ́n ń sìn ín lọ sílé ni. Adájọ́ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Àbúrò ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Òun ló parọ́ mọ́ ọn. Wọn ì bá fi í sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti tọrọ àforíjì."

"Wọ́n ń torí ìyẹn sọni sẹ́wọ̀n?"

"Ẹni tó bá ní opó pa ọkọ rẹ̀, tí kò sì rí i? Ẹ̀wọ̀n ni."

"Ọdún mélòó?" àbúrò bàbá mi béèrè.

"Ó wà lọ́wọ́ adájọ́."

Ìyá ẹlẹ́kọ bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé o fẹ́ mọ iye aṣọ tí wàá dì!"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn fèrèsé, igbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha agbada.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹbí pé. Àbúrò bàbá mi wú ikọ́, ó ní ikú ẹ̀gbọ́n òun, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n tú ká. Ìyá mi kò lọ sí Òde-Omi. Ó yan gàrí nínú àgbàlá yẹn títí gbogbo wa fi dàgbà.

Bàbá kò túmọ̀ eré fún wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò fẹ́ èédú. Ó jókòó láàárín wa, ó ní ojú ń dun òun. Mo rò pé ara àgbà ni.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé àwọn àgbà. Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kó tó wọ̀ mí létí. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè wá sílé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò fẹ́ kí ilé dákẹ́ jù fún mi. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. "Dádì, ẹ wo eré ayé àtijọ́ yín."

Mo rí ìyẹ́ lára fìlà. Mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí obìnrin náà bo ojú, mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní òun ni òun fi májèlé sínú tíì. Ó ní ọkọ ti sú òun. Ó ní àbúrò ọkọ kò mọ nǹkan kan. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn ọlọ́pàá ń mú un lọ.

"Dádì, kí ló dé?"

Mo ní kó dá eré náà padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Bàbá tí kò yí ọ̀rọ̀ kan padà fún ìyá tó kúnlẹ̀ ló yí odindi ẹjọ́ padà. Kò sì sí nílé wa lálẹ́ tí bàbá mi kú. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọlọ́pàá wo ló ń sin obìnrin lọ sílé?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo lọ kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní kí n dìde. Ó ní, 'Ìyàwó, ṣé o ṣe é?' Mo ní mi ò ṣe é. Ó ní ó ti tó. Òun nìkan ló bi mí rí. Àwọn yòókù kàn ń sọ ọ́ ni."

Ìdákẹ́jẹ́ Bàbá kó tó la ẹnu lọ́jọ́ yẹn ni mò ń gbé kiri báyìí. Mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀sùn sí obìnrin lọ́rùn lójú mi, mo sì ń bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti bi í. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kú, èmi ni mo se ọbẹ̀ ẹja tó jẹ kẹ́yìn, nítorí ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn àna mi wá láti Ìlápòrú, wọ́n bá mi sunkún, wọ́n ní kí n máa jẹun dáadáa. Ọdún méjì rèé. Kò sẹ́ni tó bi èmi ọkùnrin léèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè bi mí.