Àǹtí Mi àti Rọ́bọ́ọ̀tì Onítáyà Méjì

Àǹtí mi, tíṣà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayégbajú, kì í ka ìwé ìlànà. Ó ra rọ́bọ́ọ̀tì onítáyà méjì kan tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀, kó lè fi han àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni rọ́bọ́ọ̀tì náà fi ń ṣubú lórí tábìlì oúnjẹ wa. Mo ka ìwé náà fúnra mi.

"Àǹtí, ẹ ti dojú ẹ̀yà tó ń jẹ́ kó dúró dé."

"Ṣé uṣẹ́ rẹ ni? Jókòó jẹ́ẹ́!"

Mo bínú lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, rọ́bọ́ọ̀tì ti dúró ṣánṣán. Àǹtí mi ń bá ìyàwó pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dojú ẹ̀yà kan dé. Mo ti bá a tún un ṣe."