Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Tọ́ Sódàbì Wò

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ra ọtí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí òun ló tan gbogbo wa jẹ. Ní Takọn, ìlú wa, ẹni tó ń ra ọtí, tó ń ṣubú lọ́nà oko, tó ń bú àwọn àna ẹ̀, òun là ń pè ní ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Iṣẹ́ ni tiẹ̀.

Inú igbó lẹ́yìn ilé ìyá wa ni wọ́n ti ń se sódàbì, torí Faransé ti fòfin dè é, wọn ò sì fẹ́ kí àwọn gáàdì kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, rí èéfín. Wọ́n á gbé ẹmu kaná nínú àgbá, ọ̀pá bàbà á gba inú omi tútù kọjá, ọtí á máa kán sínú ìgò. Èyí tó bá kọ́kọ́ kán lè pa èèyàn. Èyí tó bá kẹ́yìn, omi lásán ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ahọ́n mọ ibi tí èyí tó dáa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ahọ́n ẹ̀gbọ́n mi sì ni gbogbo wọn gbà gbọ́. Kó tó lọ gun ọ̀pẹ láàárọ̀, wọ́n ti pè é. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún pè é. A kì í sọ pé ó mutí. A máa ń ní ó lọ tọ́ ọ wò.

Nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀, ìyá wa ní òtútù ìrì ló wọ̀ ọ́ lára. Ó wa egbò igi, ó rẹ ẹ́ sínú sódàbì, ó bù ú fún un. Ọwọ́ dúró. Ta ló fẹ́ bá oògùn tó jẹ́ jiyàn? Ilẹ̀ á mọ́, ọwọ́ á tún gbọ̀n, wọ́n á tún bu egbò fún un, á tún dúró. Èmi náà yin ìyá wa.

Àfi ìgbà tí igbà yọ lọ́wọ́ ẹ̀ lókè ọ̀pẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ ló dì mú, gbogbo àyà ẹ̀ ló bó kó tó délẹ̀. Wọ́n ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ bàbá wa kékeré ní Sakété, torí bàbá tó bí wa ti kú. Èmi ti wà níbẹ̀, mò ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá kékeré, aṣọ ló ń tà. Ìgò ọtí tó ti ṣófo pàápàá, kò gbà ká fi rọ epo nínú ilé ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò lè jẹun. Ó ń wo ògiri, ó ní, "Ẹ bá mi gbá àwọn èèrà yìí kúrò." Èèrà kankan ò sí níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó ṣubú lulẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ń já, ìfóòfó ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Èmi di orí ẹ̀ mú, bàbá kékeré ń ṣàdúà.

A ránṣẹ́ sí ìyá wa. Ó dé tòun ti ìgò egbò nínú ìró. Ọkọ mi ló máa ń pe bàbá kékeré. Lọ́jọ́ yẹn kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Kí lẹ fún ọmọ mi jẹ?"

"Ìyàwó wa, ohun tí gbogbo wa jẹ ni."

"Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi wọlé yín."

Ó gbé ìgò sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi mu. Ara tó ń gbọ̀n rọlẹ̀, èèrà tán lára ògiri. Ìyá wa wo bàbá kékeré tòkètilẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? Ilé yín níbí ni nǹkan wà." Àwọn obìnrin agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Orí mi gbóná. Mo gba ìgò, mo gbóòórùn ẹ̀.

"Ìyá, sódàbì ni."

"Egbò ni."

"Egbò inú sódàbì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán kẹ́ ẹ fún un, ká wò ó bóyá ọwọ́ á dúró."

"O ti di dókítà nìyẹn? Ìwọ tó o rán ṣòkòtò tẹ́sẹ̀ kan gùn ju ìkejì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró. Mo ní ilé ìwòsàn Pobẹ̀ là ń lọ, ẹni tí ò bá fẹ́ kó jókòó. Ọkọ̀ tó kó ẹkùrọ́ ló gbé wa, bàbá kékeré náà bá wa lọ.

Ọmọ ẹ̀yà Gùn ni dókítà tá a bá nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa. Ó ní, "Ṣé o ń mutí?"

"Rárá o, dókítà."

"Kì í mutí," ni ìyá wa wí. "Gbogbo Takọn ló mọ̀."

Mo ní, "Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. "Mo máa ń tọ́ sódàbì wò."

"Èmi kì í ṣe gáàdì," ni dókítà wí. Ó gbé ìgò òfìfo kan sórí tábìlì. "Fi ìka hàn mí ibi tí ìtọ́wò máa ń dé kí oòrùn tó kan àtàrí."

Ìka ẹ̀gbọ́n mi gun ara ìgò náà lọ sókè. Ìtòsí ọrùn ìgò ló dúró sí. Ìyá wa wá ibi jókòó.

Dókítà ní kì í ṣe òtútù, kì í ṣe májèlé, kì í sì ṣe ìwàkiwà. Àìsàn ni. Ara ẹ̀ ti gba ọtí bí àlejò, àlejò ti wá di onílé. Gígé tá a gé ọtí fún un lójijì ní Sakété ló gbé e ṣubú, ó sì lè pa á bó bá tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n dá a dúró títí tó fi lè jẹun. Lẹ́yìn náà, dókítà ní ká máa dín ọtí kù fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan tí àánú ò ní tètè ṣe mú ìgò náà lọ́wọ́. Kó má jẹ́ ìyá ẹ̀.

Gbogbo wa wo bàbá kékeré.

"Èmi? Nínú ilé mi?" Ó jáde síta. Nígbà tó wọlé padà, ó ní, "Dókítà, ṣé oògùn lẹ pè é?"

"Oògùn ni, fún ìgbà díẹ̀."

"Ẹ tún un sọ lójú wọn, kí wọ́n lè jẹ́rìí mi."

Ẹ̀yìn ilé adìyẹ ló tọ́jú ìgò náà sí. Aṣọ ló fi ń dì í mú, á bu díẹ̀, á lọ fọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó sunkún bí ọmọdé. Bàbá kékeré kàn ń dín in kù ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dín in títí ìgò fi kúrò nílé.

Àwọn tó ń se sódàbì ní Takọn wá dé pẹ̀lú akèrègbè ọtí. Àgbà wọn ló ṣáájú. "Ahọ́n wa, àtìgbà tó o ti lọ ni ọtí wa ti ń korò. Àbí o ti di àlùfáà? Ó ku láwàní."

Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára akèrègbè. Ó ní inú ń run òun. Inú bí mi, torí ẹni tínú ń run lónìí, inú ẹ̀ á jinná lọ́la.

Àgbà náà yíjú sí mi. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni. Aránṣọ, ìwọ wá tọ́ ọ wò. Orí ahọ́n lásán."

Kí n tó ya ẹnu bú u, ẹ̀gbọ́n mi ti gba akèrègbè náà. Mo rò pé ó fẹ́ mu ún ni. Ó gbé e padà fún àgbà.

"Ẹ gbé e lọ. Ọ̀mùtí ni mí. Ìtọ́wò ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní fi ṣe àbúrò mi."

"Ta ló pè ọ́ bẹ́ẹ̀? O ò ra ọtí rí."

"Èmi ni mo pe ara mi."

Wọ́n dé akèrègbè, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínì mi, òógùn bò ó. Ó ní tóun bá dìde kí wọ́n tó rìn jìnnà, kí n má gbà fóun. Mo fi àga mi tẹ etí aṣọ ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo jókòó lé e, mo ń ránṣọ lọ.