Sìmẹ́ǹtì Rufino

Nígbà tí omi fà kúrò ní òpópónà etí odò ní Puerto Santa Librada, Ña Deogracia Ozuna, Màmá Deogracia fún àwa ará àdúgbò, ni ẹni àkọ́kọ́ tó di ẹrù rẹ̀, tó sì gba ilé lọ. Àwọn aládùúgbò yòókù ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà pákó àti páànù lẹ́bàá títì, níbi tí gbogbo wa máa ń sá lọ bí odò Paraguay bá kún. Wọ́n ń dúró kí oòrùn gbẹ ilẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń lé e, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé orí, ó ń lọ. Rufino àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ láti Buenos Aires, ó ń bọ̀ wá kú, ó sì ti sọ lórí fóònù pé yàrá tí wọ́n bí òun sí ni òun fẹ́ kú sí.

Rufino ṣì ń rá kòrò nígbà tí ìyá wọn kú. Deogracia, tí òun náà ò tíì gbọ́njú tán, ló gbé e pọ̀n, ló fi gbágùúdá sísè àti wàrà bọ́ ọ, ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ tọ́ ọ dàgbà. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ gbé e níyàwó lọ sí Asunción. Deogracia ní ta ni kí òun fi ọmọ àti ilé lé lọ́wọ́. Ọkùnrin náà lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Nígbà tí Rufino dàgbà, ó ṣe bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibí ṣe máa ń ṣe, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọdá ẹnubodè, ó di bíríkìlà ní Buenos Aires. Ó bá wọn kọ́ àwọn ilé alájà gogoro tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kùn wọ́n tán. Eruku sìmẹ́ǹtì àti ti òkúta gígé ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Bàbá wọn àgbà ló kọ́ ilé náà. Amọ̀ tí wọ́n gé, tí wọ́n sá sóòrùn, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Yàrá méjì ló kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ wà láàárín, atẹ́gùn a máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà tí omi ti wọ ilé yìí kò lóǹkà. Láyé ìgbà kan, bí omi bá ti fà, àwọn obìnrin òpópónà náà á kóra jọ, wọ́n á fi ẹsẹ̀ po amọ̀ mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á máa fi ọwọ́ rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri láti ilé dé ilé, wọ́n á sì fi ẹfun kùn ún. Ẹ̀rín ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré! Wọ́n á máa ta amọ̀ síra wọn lára, wọ́n á máa fi ọkọ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ògiri a mu omi, a tún tú omi náà jáde, ilé a sì máa wà.

Kérésì kan ni Rufino fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àpò sìmẹ́ǹtì dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tún ní fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ láyé yín." Ó rẹ́ ilé náà nínú àti lóde, láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ òrùlé, ó dán gbinrin. Wọ́n sun ẹran lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, gbogbo òpópónà sì wá fi ọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Láti ọdún yẹn ni Deogracia ò ti bá àwọn obìnrin po amọ̀ mọ́. Ó ní kì í ṣe ìgbéraga. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń wá sìmẹ́ǹtì, àwọn tó mọ amọ̀ í pò sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó rọ́pò wọn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀, nǹkan dúdú bí èédú sì ti hù ní gbogbo igun yàrá. Omi kò ga ju ìbàdí lọ nínú ilé, àmì rẹ̀ hàn lára ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti gun ògiri kọjá àmì náà, ó ti ga ju orí rẹ̀ lọ, ọ̀dà wú, iyọ̀ funfun sì ń yọ jáde létí rẹ̀. Ibi tó ti dúró tó ń wò ó ni Karai Benegas bá a, bíríkìlà àgbà tí a ń pè ní Karai, bíi Bàbá, nítorí ọ̀wọ̀, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tirẹ̀.

"Deogracia, o mà kánjú wálé o. Àbí odò gbé ọkọ wá fún ẹ ni?"

"Bó bá gbé e wá, kò lè burẹ́wà tó yín. Karai Benegas, ẹ fi àwàdà sílẹ̀, ẹ wá bá mi wo ògiri yìí."

Ó wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lókè, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Sìmẹ́ǹtì yìí gbọ́dọ̀ kúrò," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Omi ti gba abẹ́ wọnú amọ̀, sìmẹ́ǹtì ò sì jẹ́ kó rọ́nà jáde. Inú ògiri ẹ ti ń di ẹrẹ̀. Ká fi igi ti òrùlé, ká fọ́ sìmẹ́ǹtì yẹn dànù tinú tòde, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i títí ìgbà ooru á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn ká fi amọ̀ àti ẹfun tún un rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sùn síbẹ̀."

"Rufino ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kó wá sùn nílé mi."

"Ilé yín? Níbi tí adìyẹ ti ń yé ẹyin sórí tábìlì?"

"Adìyẹ mi ò wó lu ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ gbọ́ ná, lọ́jọ́ tó rẹ́ ilé yìí tán, ta ló jẹ ẹran jù? Ta ló ń pariwo kiri òpópónà pé ilé yìí á pẹ́ ju àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ?"

Karai Benegas fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni. Mo jẹ ẹran, mo pariwo, mi ò sì mọ nǹkan tí mo ń sọ. Ṣé torí ìyẹn lo ṣe fẹ́ kí ilé wó?"

"Mi ò ní fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yẹn kó tó dé." Ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà. "Kó wá bá àlàpà? Kó wọlé kó rí i pé ohun kan ṣoṣo tó kọ́ tó jẹ́ tiẹ̀ láyé, òfo ni? Ẹ má sọ ọ́ mọ́."

Ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá náà ń sọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kó ẹrẹ̀ jáde, ó fọ ilẹ̀, ó ha nǹkan dúdú náà kúrò. Ó dá iná èédú sínú agbada, ó gbé e kiri inú yàrá títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí ojú ògiri gbẹ, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó tún dán bíi ti ọjọ́ Kérésì yẹn, gbogbo omi inú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí.

Rufino dé, àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó ti gbẹ débi pé Deogracia kọ́kọ́ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Wọ́n gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Deogracia bu tereré fún un, ewé tí a ń fi omi tútù pò nínú igbá, tí a ń fi ìfàmu mu. Rufino fà á lẹ́ẹ̀kan ó sì gbé igbá náà sílẹ̀. Ògiri ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Gbogbo omi yìí, ó ṣì dúró."

"Ó dúró, ọmọ mi."

"Àwọn ará Buenos Aires á ní kò sóhun tí ará Paraguay mọ̀ ju kó gbé àpò lọ. Kí wọ́n wá wo èyí."

Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. Deogracia náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá tí wọ́n bí i sí, ó sún un jìnnà sí ògiri bí àyè ṣe mọ. Rufino ní kó sún un padà, òun fẹ́ máa fi ọwọ́ kan ògiri òun. Ó sún un padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tutù, ikọ́ náà sì ti yí ohùn padà. Deogracia ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, gbogbo híhú rẹ̀ ń dùn ún bí ìgbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní ṣé kí wọ́n máa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Rufino ní òun kì í ṣe ajá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Rufino ní òun fẹ́ gbé àwòrán ìyá wọn kọ́ ògiri. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gba òòlù, ó fi ìṣó lé ògiri. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó náà wọlé tán pátápátá, bí ẹni fi ṣíbí gún gbágùúdá tó jinná jù. Ó fà á yọ, omi pupa sì tẹ̀lé e, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sára ọ̀dà funfun.

Bíríkìlà ni. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un.

"Ta ló mọ̀?" ó bi í.

"Karai Benegas sọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

"Kí o tó dé."

"Ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kùn ún lọ́dà."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, Rufino. Mi ò lè fọ́ ọ. Mi ò lè ṣe é."

Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn gbé òòlù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu sìmẹ́ǹtì náà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó o, ó ń lù ú, ó ń mí gúlegúle, Deogracia ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́. Karai Benegas gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Rufino dé ìta ni ògiri náà jókòó jẹ́ẹ́ sílẹ̀, bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ tú sí àgbàlá, èèpo sìmẹ́ǹtì dúró fún ìgbà díẹ̀ ní òun nìkan, lẹ́yìn náà ó fọ́, páànù sì bò ó mọ́lẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá títì náà ni wọ́n tún gbé e padà sí. Àwọn aládùúgbò ti ń kó wálé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń kó jáde. Ẹnì kan tiẹ̀ fi ṣe àwàdà pé omi wo ló tún ń lé Ña Deogracia báyìí, nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó yíjú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó jókòó ti Rufino, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eruku ọkọ̀ kúrò lójú rẹ̀.

"Èmi ni mo ba ilé bàbá wa jẹ́," Rufino sọ.

"Rárá o. Odò ni."

"Yàrá kejì ńkọ́?"

Irọ́ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Benegas ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbẹ, ó le bí òkúta. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó wó ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́ rẹ. Èyí tó kù yẹn, o ṣe é dáadáa."

Ojú Rufino tàn. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ nígbà náà."

Deogracia wo ojú títì, ó wo páànù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Lọ́la," ó ní. "Jẹ́ kí n gbálẹ̀ ibẹ̀ ná. Lọ́la, ọmọ mi."

Ọ̀la ò bá a láyé. Ẹ̀bá títì ni Rufino kú sí, abẹ́ pákó àti páànù, àwọn ọkọ̀ tó gbé màlúù sì ń kọjá lójú títì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, wọ́n gbàdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún un. Nígbà tí ìyẹn parí, Deogracia gbé bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. A bá a sọ ọ́, kò gbọ́. Ọ̀rinrin ibẹ̀ ti gun ògiri dé àjà, ọ̀dà ti ń ṣí bí awọ, ẹni tó bá ní imú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣọ tí wọ́n ń gbé fún un ń padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn pẹ̀lú òórùn ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ wọn ò gbé e wá mọ́. Rédíò sì ń sọ pé odò ti ń kún lápá òkè.

Karai Benegas kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé igi tí yóò fi ti òrùlé lé èjìká.

"Deogracia, èyí ṣì ṣe é gbà là. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Ṣáà jáde, kí n fọ́ ọ."

Ó jáde lóòótọ́. Ó dúró sí iwájú ògiri náà, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó na apá méjèèjì sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ní. "Mo ti sọ fún Rufino pé ó le."