Iyọ̀ Tí Ara Ọmọ Mi Kò Lè Dì Mú

Ọjọ́ tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ, nílé wa ní àdúgbò Mayfair, ni mo kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Màmá, ìyá ọkọ mi, fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu bí a ti ń ṣe. Àwọn ọmọ tí mo ti rí a máa fajú ro. Èyí gba ìka Màmá mú sẹ́nu, ó ń fà á, nígbà tí wọ́n sì yọ ìka náà, ó figbe ta. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní ayé rẹ̀ á dùn gan-an. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí láti àárọ̀ ni kò ti fẹ́ ọmú. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì. Láti ọjọ́ náà, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Akínkúnmi la sọ ọ́. Ó dúdú, ṣùgbọ́n orí ọmú àti abẹ́ rẹ̀ dú ju gbogbo ara yòókù lọ, bí ìgbà tí a fi èédú kùn ún. Olóólà tó wá dábẹ́ fún un ní ihò ìtọ̀ rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ jù, òun kò sì bá kóró nínú ẹpọ̀n, ká jẹ́ kó dàgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èébì bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń ta jìnnà sí ara. Ojú rẹ̀ jìn, àwùjẹ̀ orí rẹ̀ wọnú. Ilé ìwòsàn kékeré kan fún wa ní oògùn inú rírun. Orí ẹsẹ̀ mi ló kú sí, lọ́sàn-án gangan. Àbúrò ọkọ mi ló gbé e lọ sin. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. N kò béèrè.

Ọmọ kejì dé lẹ́yìn ọdún méjì. Màmá tú aṣọ ìlédìí rẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. Dúdú kan náà, ihò kan náà, ẹpọ̀n tó ṣófo kan náà.

"Ìyàwó, Akin ló padà wá yìí. Jẹ́ ká sàmì sí i lára kó má baà tún lọ."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi abẹ kàn án. Bó ti bì lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti wà lórí ọ̀kadà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n epo kò jẹ́ ká rí takisí.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, a dúró pẹ́ lórí bẹ́ńṣì de èsì ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè ohun tí mo bí. Mo ní, "Ọmọ ni, ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà kò kúkú bí ewúrẹ́.

Sódíọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 116. Ó yẹ kó tó 135, ó kéré tán. Wọ́n fa omi oníyọ̀ sí i lára, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ haidirokọ́tísóònù. Lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wa pè mí wọlé. Ó ní ilé ọmọ wà níbẹ̀, obìnrin ni ọmọ mi.

CAH ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ẹṣẹ́ kékeré kan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pèsè èròjà fún ara, wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ yìí, àwọn ẹṣẹ́ náà kò lè ṣe èròjà tó ń di iyọ̀ mú sára. Èròjà tó ń mú ara rí bíi ti ọkùnrin ni wọ́n ń ṣe láṣejù, láti inú oyún. Bàbá àti ìyá ló ń gbé e láìmọ̀, tí yóò fi bọ́ sára ọmọ. Ohun tí Màmá rí jọra lóòótọ́. Àìsàn ló padà wá, ọmọ kọ́.

Mo béèrè pé, "Èyí tó lọ yẹn ńkọ́?"

Dókítà ní, "Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ìyá ọmọ, obìnrin ni òun náà."

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Àkànbí ni oríkì tó fi máa ń ki àkọ́bí wa.

Ó ní, "Oríkì ọkùnrin ni mo fi ń kì í títí ó fi kú."

Èyí ló sọ ní Àbẹ̀ní.

Mo ka gbogbo ìwé ìṣègùn tí mo rí yá ní yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ gbọ́: abẹ fẹ́lẹ́ la fi ń gé hóró oògùn tó ń rọ́pò ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe sí mẹ́rin, ẹ̀yìn ṣíbí la fi ń lọ̀ ọ́. Bí ibà bá dé, ẹ má dúró, ẹ sọ oògùn di ìlọ́po bí dókítà bá ti kọ́ yín. A máa ń po iyọ̀ mọ́ wàrà rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ní mo fẹ́ fi iyọ̀ pa ọmọ.

Oníṣẹ́ abẹ kan ní ká gé idọ́ rẹ̀ tó tóbi ju bó ti yẹ lọ, kó lè jọ ti àwọn ọmọbìnrin yòókù. Mo béèrè bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Mo béèrè bóyá gígé náà yóò dá iyọ̀ dúró sára rẹ̀. Ó ní rárá. A kò gé e. Ara rẹ̀ ni. Tó bá dàgbà, yóò sọ ohun tó fẹ́.

Àbẹ̀ní ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara kékeré yẹn tó ń gba oògùn lójoojúmọ́ láìkùn. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi kò dá wá rí. Bí mo bá ti ń lọ oògùn, mo máa ń ronú pé ìwọ̀nba yìí ni ì bá gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tuntun. Ó na ọrùn wo ìwé náà, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo yege?" Mo ní ó yege. 138 ni.