Pẹpẹ Irin tí Mo Ṣe fún Sísẹ́ Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lò kẹ́yìn láyé, ìyàwó mi fẹ̀yìn ti òpó ilé ìdáná wa ní Odigbo, mo sì fi èédú fa ìlà síbi tí ìbàdí rẹ̀ dé. Èèyàn kúkúrú ni.

“Tíṣà, ẹ wọ̀n mí dáadáa o. Kó má dà bí àga tẹ́ ẹ kàn lọ́jọ́sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í kanlẹ̀.”

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló máa ń pọn fún àwọn tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ nínú oko kòkó lọ́nà Araromi-Obu. Ìkòkò gbígbóná tó ń gbé àti bíbẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ ọtí ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mo wá ya àwòrán pẹpẹ irin kan: ìkòkò tó ní ẹ̀rọ omi nídìí yóò wà lókè lórí iná gáàsì, asẹ́ yóò wà láàárín, ní ìbàdí rẹ̀ gan-an, àmù yóò wà nísàlẹ̀. Ọtí yóò máa ṣàn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gun ọ̀kadà lọ ra àgbàdo ní Omifunfun. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tírélà gbá wọn lójú márosẹ̀ ní Ore. Òun àti ọlọ́kadà, kò sẹ́ni tó yè.

Àgbàdo tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè hù ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, ó ti yọ ewé tútù, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti so kọ́ra bí ẹní. Kò ṣeé fi pọntí mọ́. A dà á fún ewúrẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọn ìlà èédú náà, mo sì mú àwòrán náà lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin ní Ore.

“Bàbá, ta ló fẹ́ máa lò ó?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ga tó yìí? Ẹ ó máa dọ̀bálẹ̀ fún ọtí nìyẹn. Ẹ jẹ́ n gbé e sókè díẹ̀.”

“Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n ni kó o ṣe é.”

Bí mo bá gbé e sókè, ọwọ́ ìyàwó mi ò ní tó o mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, bí mo tilẹ̀ mọ ibi tí a sin ín sí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sẹ́ ọtí lórí pẹpẹ náà, mi ò tíì fún ìdajì èérí àgbàdo inú asẹ́ tán tí ẹ̀yìn fi dùn mí débi pé mi ò lè nàró mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bá mi, mo di irin mú, omi ṣì ń kán lára èérí inú asẹ́.

“Àna mi, ìrora tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kúrò lẹ́yìn àbúrò mi, ẹ ti gbé e wọ ara yín.”

Ó bá mi da èérí nù, ó fọ asẹ́, ó sì lọ.

Mo kó búlọ́ọ̀kù wá láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ń fi igi gbọọrọ hú ẹsẹ̀ pẹpẹ náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀. Mo wá pátákó pẹlẹbẹ, mo tì í bọ abẹ́ rẹ̀. Mo bu omi sínú àwo kí n lè mọ̀ bóyá pẹpẹ náà dọ́gba, mo gbé e sí àyè asẹ́, mo sì nàró tì í títí omi náà fi dúró jẹ́ẹ́.