Ọjọ́ Tí A Dìde Kí Ìyá Àbíkẹ́ Tó Sọ̀rọ̀

Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí, lásìkò òjò, tí àwa ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Yorùbá ní Lomé tò láti Tokoin Wuiti lọ sí gbọ̀ngán ìpàdé, tí a gbé páálí tí a kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́. Èmi ni mo wà níwájú. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ tún ti ń kọ lẹ́tà kiri lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mi ò kàwé jìnnà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti já, tí mo bọ́ sídìí sẹ́mì, ọ̀kadà akérò tí mo ń gùn títí dòní. Àmọ́ ohun tí mo fojú ara mi rí, mo lè sọ ọ́.

Òfin gbà pé kí adájọ́ tú ẹlẹ́wọ̀n tó bá hùwà dáadáa sílẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n adájọ́ á béèrè pé, ta ni yóò gbà á? Ní tiwa, ẹgbẹ́ ló máa ń kọ lẹ́tà pé àwọn ni onídùúró. Ẹni náà á máa fara hàn lọ́dọ̀ alága lọ́jọọjọ́ Àìkú, á máa lọ sí kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílùú láìgbàṣẹ.

Lọ́dún yẹn, Ìyá Ṣẹ́gun tó ń yan ẹja ní Avépozo wá bẹ̀ wá pé ká dúró fún ọmọ òun. Ọdún mẹ́ta ló kù fún Ṣẹ́gun lẹ́wọ̀n. Èmi àti òun ti jọ dúró ní ibùdó ọ̀kadà kan náà rí. Òun ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé àwọn olè tó yìnbọn pa Bọ̀dá Rájí, tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Cacaveli. Kì í ṣe òun ló yìnbọn, ṣùgbọ́n òun ló gbé wọn lọ, òun ló gbé wọn sá.

Bọ̀dá Rájí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì tó já. Mo ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin: ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ká má dúró fún un mọ́, kó lo ọdún rẹ̀ pé.

Gbọ̀ngán kún. Bàbá Alága wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Dàpọ̀, jókòó. Òjò ti fọ ọ̀rọ̀ ara páálí rẹ tán."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, èyí tó wà nínú wa, òjò ò lè fọ̀ ọ́."

Ìyá Ṣẹ́gun dìde. "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní ó ṣe dáadáa. Mo kàn fẹ́ rí i kí n tó kú ni."

Ẹnìkan lẹ́yìn mi dáhùn pé, "Ìyá, Bọ̀dá Rájí náà lẹ́ni tó fẹ́ rí i."

Ìyá náà jókòó.

Àṣà wa ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Tó bá sọ tán ni alága á tó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ dìde. Ìyá Àbíkẹ́, opó Bọ̀dá Rájí, jókòó lápá òsì, ó di ìwé kékeré kan mú. Bàbá Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ ni mo fò dìde.

"Bàbá, kí la tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá yìí? Kó wá máa sunkún níwájú wa? A mọ ohun tó fẹ́. Ẹni tó bá ń ro ti Bọ̀dá Rájí, kó dìde."

Gbogbo ọ̀dọ́ dìde. Ta ni yóò jókòó nígbà tí a ti dárúkọ òkú? Àwọn àgbà náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àbíkẹ́ dìde pẹ̀lú, mo rò pé ó ń fara mọ́ wa ni. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. À ń pariwo orúkọ ọkọ débi pé a ò gbọ́ ohùn ìyàwó.

Bàbá Alága ká ìwé rẹ̀. "Ẹ ti dìde. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ lè jókòó ti ohun tí ẹ dìde fún."

A ò kọ lẹ́tà. Ìyá Ṣẹ́gun kú lọ́dún kejì, kò rí ọmọ rẹ̀. Ní ọdún kẹta, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ṣẹ́gun, ó jáde. Kò sí ọ̀ranyàn kọ̀mísáríà, kò sí ti Àìkú lọ́dọ̀ alága. Ó ti lo ọdún rẹ̀ pé, bí àwa ṣe fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé èrò lọ sí Cacaveli. Bí mo ṣe dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àbíkẹ́, ó yára ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó ṣí i.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ ti fẹ́ ṣíwọ́ ni?"

"Rárá o. Bí ọ̀kadà bá ti dúró, mo máa ń kọ́kọ́ tì í ni, kí n tó wo ẹni tó wà lórí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú ìwé ọjọ́ yẹn.

"Mo fẹ́ kí ẹ dúró fún un."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Mi ò ní mo dárí jì í o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní onídùúró, a mọ ibi tó ń sùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: kó má gba Cacaveli kọjá. Kó sì jókòó níwájú mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ ohun tí ọkọ mi sọ kẹ́yìn. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni wọ́n rí mú."

"Kí ló dé tí ẹ ò pariwo, mà?"

"Kí n pariwo mọ́ ariwo? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ríran. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi sunkún lẹ ò ríran."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, jàre," ó ní. "Ìyẹn lo ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìbẹ̀rù wa kì í ṣe irọ́. Èèyàn kú. Bí ẹ bá ní kí ìtúsílẹ̀ le, mo wà pẹ̀lú yín: kí ìfarahàn pọ̀ sí i, kí onídùúró ju ẹyọ kan lọ, kí àwọn àdúgbò kan di èèwọ̀ fún ẹni náà. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n tó lópin, dandan ni kí ẹni inú rẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn onídùúró tí a tì lọ́jọ́ yẹn ni èyí tí a lè dúró ṣọ́. Èyí tí a fi sílẹ̀ fún un ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹni tí mo ní mò ń jà fún. Òfin wa ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni dìde, ẹ lọ sí Cacaveli, kí ẹ jókòó.

Wọ́n ní Ṣẹ́gun ti padà sídìí sẹ́mì nínú Lomé yìí. Bí iná ojú pópó bá dá wa dúró, tí ẹni tó dé akoto bá dúró tì mí, mo máa ń wo ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun lọ́jọ́ kan, mi ò ní pariwo. Màá kí i ní bọ́ǹjúù bí a ṣe ń kí ara wa ní ibùdó. Lẹ́yìn náà, màá bi í ní ìbéèrè tí mi ò jẹ́ kí ìyá yẹn bi í.